Pupa Lọ́wọ́ Òsì

Èmi kì í bínú sí òjò, ṣùgbọ́n òjò Mọnróvíà kọjá ohun tí èèyàn ń bá ṣeré. Bó bá ti wọlé ní oṣù kẹfà, ó di ará ilé nìyẹn: á bá ọ jẹun, á bá ọ sùn, á tún ṣáájú rẹ dé ọjà. Lọ́dún 1974 tí mò ń sọ yìí, ó ti sọ iyọ̀ mi di omi nínú àpò ní ọjà Rally Time, ó ti ba páálí ìṣáná mi jẹ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti wú nítorí ìdúró. Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo dé ilé wa ní Camp Johnson Road tí mo bá píkọ́ọ̀pù lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọkùnrin ń gbé pákó fífẹ̀ kan wọ yàrá wa, tí wáyà ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ rẹ̀ bí ìfun àgbò ọjọ́ iléyá.

Mo ní, "Kí lẹ tún ń kó wọ ibi tí mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ sí?"

Ọkọ mi dáhùn láti inú yàrá, inú rẹ̀ ń dùn. "Iṣẹ́ ni, Ìyá Táwà. Iṣẹ́ dé."

Ràímì ni orúkọ ọkọ mi, pátákó ló sì ń kọ. Láti Camp Johnson Road títí dé ọjà Duala ní ìpẹ̀kun ìlú, agbára káká lẹ fi máa rí ìsọ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn. Òun ló ya adìyẹ tó ń rẹ́rìn-ín sára ilé oúnjẹ, bí ẹni pé adìyẹ kan wà láyé tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Òun ló ya abẹ sára ilé onígbàjámọ̀, òun ló kọ lẹ́tà ńláńlá sẹ́yìn ọkọ̀ akérò. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wa kúrò ní Ìnísà nígbà tí Táwà, ọmọ wa kan ṣoṣo, ṣì ń rá kòrò. Ọwọ́ ìyá mi la fi í sílẹ̀ sí, òun ló tọ́ ọ. Ó ti lọ́kọ báyìí, ó ti bímọ, fọ́tò nìkan ni mo sì fi mọ àwọn ọmọ náà. Wọ́n ní bí wọ́n bá rí fọ́tò tèmi, wọ́n á ní, "Ìyá Làìbéríà nìyí."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà ni pé ojú Ràímì ti ń lọ. Èmi mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kí agbádá tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Alùfáà," tó sì dúró pé kí agbádá dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tó yá, omi náà kò dá mọ́. Mo ní kó lọ rí dókítà. Ó ní eruku ni. Mo tún un sọ, ó ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ Jímọ̀ fi dé. Láti ìgbà yẹn, òun ń díbọ́n pé òun ń ríran, èmi ń díbọ́n pé mo gbà á gbọ́.

Ṣé ẹ rí i, ojú ni onípátákó fi ń jẹun. Bí ìròyìn yẹn bá jáde lọ́jọ́ kan, ta ló máa gbé pátákó fún ẹni tí kò ríran? Bí kò bá sì kọ pátákó mọ́, kí la tún ń ṣe ní Mọnróvíà? Mi ò ní tan ara mi: ó ti sú mi. Ọjà sú mi, òjò sú mi, yàrá kan tí àwa méjì ń sùn, tí ọ̀dà ń rùn nínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, sú mi. Mo fẹ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n Ràímì kò fẹ́ fetí gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, òkú ni.

Ẹni tó ni pákó yìí ni Ẹnjiníà Enoch, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà alákọ̀wé tí wọ́n ní kíláàbù ní òkè ìsọ̀ aránṣọ kan, kò jìnnà sí wa. Ọmọlúwàbí ni. Pẹ̀lú gbogbo bàtà tó ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú òjò, Ìyá. Ẹ dákun, ojú rẹ̀ ló bàjẹ́, ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Mo wo Ràímì. Mo ní, "Ojú ta ni?"

"Ojú pákó yìí, Ìyá. Ẹ wò ó. Pinball ni wọ́n ń pe eré ẹ̀. Ilé ọtí kan ló ń kógbá sílé ní Bushrod Island, mo wá rà á lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀lù irin ló ń yí lórí ẹ̀, ó ti yí, ó yí, títí ojú ẹ̀ fi jẹ dé igi. The electrical side, èmi máa tún ìyẹn ṣe fúnra mi. Ṣùgbọ́n ọ̀dà yìí, Bàbá Táwà nìkan ló lè ṣe é."

Mo mí kanlẹ̀, mo gbé ẹrù mi sílẹ̀, mo wò ó. Pákó náà tó ìbú ilẹ̀kùn. Wọ́n ya àwọn ẹṣin tó ń jó sí i lára, pẹ̀lú ìràwọ̀ àti ọfà oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n níbi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń sáré kọjá, kò sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe igi gbígbẹ tó ti dà bí eérú. Ẹṣin àárín kò lórí. Ọ̀dà tó kù ti sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìdọ̀tí dúdú sì ti wọnú gbogbo ẹ̀.

Ràímì kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dúró ṣánṣán bí ọ̀gá, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí fún mi, kí n má baà ṣì yín gbọ́."

Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo oníbàárà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n á sì rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ni.

Enoch ń nàka. "Àwọn òpó kúkúrú tó máa wà níbí, mo ti tú wọn sílé, wọ́n dé cap tó ní iná nínú. Àwọn kan red, àwọn kan yellow. Lókè pátápátá níbí, róbótó méjì. Left, red. Right, yellow. Bí bọ́ọ̀lù bá gba orí red kọjá, gbogbo red cap á tan. Bó bá gba orí yellow, àwọn yellow á tan. Ìyẹn gan-an ni adùn eré náà, Bàbá. If you don't get that one, there is no game."

"Òsì, rẹ́ẹ̀dì. Ọ̀tún, yẹ́lò," ni Ràímì wí.

"Ehn-hẹn. Nǹkan mìíràn tún wà." Enoch rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilé ìwòsàn tí a ń kọ́ lọ́wọ́ yẹn ti fẹ́ parí. Pátákó ẹ̀ pọ̀, tinú-tòde. Àwọn ọ̀gá mi máa wà ní kíláàbù lọ́jọ́ tí a bá ṣí ẹ̀rọ yìí. Bí wọ́n bá rí iṣẹ́ yín, ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ máa bọ́ sí."

Nígbà tó lọ tán, Ràímì ń rìn ká inú yàrá, ó ń kà á bí ọmọ ilé kéwú: "Òsì, rẹ́ẹ̀dì. Ọ̀tún, yẹ́lò." Ó kà á títí mo fi ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn. Mo mọ ìdí tí inú rẹ̀ fi ń dùn. Pátákó ilé ìwòsàn náà ni yóò fi han gbogbo ayé, pàápàá jù lọ ara rẹ̀, pé kò sí ohun tó ṣe òun.

Bẹ́ẹ̀ ni pákó yìí di àlejò wa. Orí àpótí méjì ló gbé e lé láàárín yàrá, bí mo bá sì fẹ́ kọjá, mo ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn. Ó fi òwú àti kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìdọ̀tí ń jáde dúdú bí omi aró. Nígbà mìíràn tí mo bá ti ọjà dé, mo máa ń bá a tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á gbé orí sókè wéré, á ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

Kó tó fọwọ́ kan ibi tó jẹ, ó ti ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní Òṣogbo nígbà èwe. Ó fi òróró pa bébà títí èèyàn fi lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé pákó, ó tẹ̀ lé gbogbo ìlà tó kù pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún ojú ìlà náà ní ihò wínníwínní. Bí ó bá ti fi pọ́tì dí ojú igi tán, tó sì fi sáńpépà ha á dán, á tún tẹ́ bébà náà padà, á da èédú tó lọ̀ kúnná lé e, èédú á gba inú ihò kọjá, gbogbo ìlà á sì padà sí ipò wọn. Ohun tó wá fi kún un, tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ọ, ni pé ó fi ìṣó fa ìlà náà díẹ̀díẹ̀ kí ìka rẹ̀ lè mọ ibi tó wà. Mo rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ kan bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú iyanrìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Àwọn méjèèjì jọ dé pọ̀ ni.

Ọ̀dà wá ńkọ́? Duala ló ti rà á, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ ojú omi. Agolo kan náà ni gbogbo wọn, òjò sì ti fọ ìwé ara wọn dànù. Ó tò wọ́n sẹ́bàá ògiri ní ìtẹ̀léra tí òun nìkan mọ̀. Bó bá fẹ́ èyí tó fẹ́, á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, á gbé e. Bí àjèjì bá rí i, á ní ọ̀gá nìyí.

Lọ́jọ́ kan, òrùlé jò síbẹ̀ gan-an. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí omi kún inú ọ̀dà ni? Mo fi ẹsẹ̀ ti àwọn agolo sápá kan, mo gbé garawa síbẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mi ò lọ sọ́jà. Ràímì ti ṣe orí ẹṣin, ó ti ṣe ìràwọ̀, ó wá ku àwọn róbótó méjì òkè. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí etí garawa. Mo ń wò ó. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, omi ń kán lé e lórí. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kàn ń ṣọ̀lẹ láti dìde:

"Ìyá Táwà, gbé ọ̀dà pupa yẹn fún mi."

Mo dìde, mo wo agolo. Méjì ló pupa. Ọ̀kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, èkejì pupa bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, níbo ni wọ́n ti bí yín? Ní Ìnísà tí wọ́n bí mi sí, epo pupa, ìbẹ́pẹ tó pọ́n pupa, ilẹ̀ ojú ọ̀nà pupa, ìyàwó tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà pupa, kò sì sí ẹni tó tíì bi mí ní ìbéèrè kejì lórí ẹ̀. Ràímì alára, lọ́dọ̀ oníbàárà nìkan ló ti ń pe rẹ́ẹ̀dì àti yẹ́lò. Bó bá di inú ilé, pupa ni.

"Pupa wo?" ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, kí ló fẹ́ fi dáhùn? Á ní láti sọ pé òun kò mọ èyí tó wà níbẹ̀, tàbí kó dìde wá gbé imú lé agolo lójú mi. Ohun tí a ti ń fi aṣọ bò láti ìgbà pípẹ́ á wá hàn síta nítorí agolo ọ̀dà kan, mo sì mọ̀ pé kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo gbé èyí tó sún mọ́ mi fún un.

Ó ṣí i, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ó dáa," ni ó wí.

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó ti rí i. Òun náà, nítorí pé èmi ni mo gbé e fún un, ọkàn tirẹ̀ ti balẹ̀. Òun gbójú lé ojú mi, èmi gbójú lé ojú rẹ̀. Ó kun róbótó ọwọ́ òsì, ó yí i po láìgbọn, kò sí ibi tí ọ̀dà ti kọjá ìlà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé èkejì wá," mo sì gbé èkejì wá.

Fáníìṣì tó fẹ́ fi bo ọ̀dà kó lè máa dán ló fẹ́ pa wá. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Bó bá kùn ún láàárọ̀, á funfun bí omi ògì lálẹ́, á sì tún ní láti ha á kúrò. A gbé ìkòkò iná eléèédú sábẹ́ pákó, ooru ń pa wá, òórùn ń pa wá, èmi ń wúkọ́. Ràímì rù. Ó ń sùn lórí ìjókòó kí n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá Táwà, ṣé kò tíì tó báyìí?" Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Nígbà tó wá gbẹ tán, pákó ń dán, bí ẹ bá fọwọ́ rá a, ẹ ò ní mọ ibi tí àtijọ́ parí sí tí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Enoch dé, ó pariwo.

"Ah! Bàbá! This is brand new! Ẹ wo ẹṣin! Ẹ wo ojú ẹṣin!"

Ẹṣin ni gbogbo èèyàn ń wò. Òun náà kò wo òkè pákó, òjò tún ti ṣú, ó ń kánjú kó lè fi tapólì bò ó. Ó gbé e lọ sí kíláàbù níbi tí àpótí ẹ̀rọ náà wà, ó de àwọn òpó àti cap padà, ó so wáyà pọ̀. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kí tọkọtaya wá.

Ràímì wọ agbádá rẹ̀ aláṣọ òkè. Mo wé gèlè. Kíláàbù kún, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣẹ́ báńkì, àwọn ọ̀gá Enoch méjì tí wọ́n jókòó síwájú pẹ̀lú bíà lọ́wọ́. Wọ́n fi àga fún Ràímì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀gá náà dìde wá wo pákó lábẹ́ gíláàsì, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀, wọ́n bọ Ràímì lọ́wọ́. Ọ̀kan ní, "Old man, you will do our boards." Mo rí bí èjìká ọkọ mi ṣe gbé sókè nínú agbádá.

Ọ̀gbẹ́ni Amos tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló kọ́kọ́ ta á. Ọ̀rẹ́ Enoch ni, aláriwo èèyàn. Bọ́ọ̀lù irin sáré gòkè, ó yí po, ó gba orí róbótó pupa kan kọjá. Àwọn cap tan.

"Enoch! Kí lèyí? I hit red, yellow ló ń tan!"

"Tún un ta."

Ó tún un ta. Ó gba orí yẹ́lò, rẹ́ẹ̀dì tan. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Amos ní ẹ̀rọ náà ń rẹ́ òun jẹ, ó ní ẹ̀rọ Ìjẹ̀bú ni.

"Wáyà ni," ni Enoch wí. "I must have crossed them." Ó ṣí gíláàsì, ó gbé pákó sókè, ó ki orí bọ abẹ́ ẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó ní kí wọ́n ta á. Bákan náà ló rí. Ó tún padà wọlé. Bíà ń gbóná lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Òógùn ti rin ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ó tọ̀nà!" ló ń wí lábẹ́ pákó. "Left to red. I soldered it myself! Ó tọ̀nà!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ wo aago. Ó ní, "So this is the man putting light in our clinic?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Enoch.

Ìgbà yẹn ni mo wo pákó náà dáadáa. Pupa bí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. "Òsì, rẹ́ẹ̀dì, ọ̀tún, yẹ́lò," tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi, ń dún létí mi. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé nínú gbogbo ilé náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọkọ mi parí lójú àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ tó tẹrí ba fún mi nínú ẹrẹ̀ á gba àbùkù tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹta tún wà nínú mi, tó ń sọ pé, bó bá hàn, ilé yá.

Mo dìde. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ.

"Ẹnjiníà." Ràímì ni. Kò kúrò lórí àga rẹ̀. "Àwọ̀ wo ló wà lọ́wọ́ òsì?"

Amos rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kùn ún now!"

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ní kí ẹ sọ ọ́ fún mi."

Enoch yọ orí jáde. Ó wo pákó náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Yellow ni, Bàbá."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Red."

Ràímì ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹ má tú wáyà kankan mọ́. Wáyà yín ò ṣẹ̀. Ojú mi ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mi ò ti mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Bàìbàì ni mò ń rí gbogbo yín báyìí." Ó yíjú sí apá ibi tí àwọn ọ̀gá wà. "Ẹnjiníà yín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ka èyí sí i lọ́rùn."

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo pé, "Èmi ni mo gbé agolo fún un! Pupa ló ní kí n gbé, pupa náà ni mo gbé!" Amos fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó pa á mọ́.

Enoch nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò. "Bàbá, wáyà méjì péré ni," ni ó wí. "Mo máa pààrọ̀ wọn, kó bá ọ̀dà mu. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà yín wà bó ṣe wà." Kò ju kí èèyàn mu omi lọ tó fi ṣe é. Amos ta á, bọ́ọ̀lù gba orí pupa, pupa sì tan. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Wọ́n tún yin ẹṣin náà, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yí padà, ohùn tí èèyàn fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni. Ràímì gbọ́ ọ. Ọ̀gá tó ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wá fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní, "You tried, Papa, you tried." Lẹ́yìn náà ó fa Enoch sápá kan, ó bi í bóyá ó mọ ẹlòmíràn tó ń kọ pátákó. Ó rò pé òun ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Enoch sìn wá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní dókítà kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn tí yóò bá wa wo ojú náà lọ́jọ́ Ajé, bóyá kò tíì pẹ́ jù. Ràímì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un. Enoch kò dárúkọ ilé ìwòsàn, Ràímì kò sì bi í.

Òjò ti dá díẹ̀. A ń lọ lójú títì, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri ìsọ̀ àwọn èèyàn.

"O ti mọ̀ tipẹ́," ni ó wí.

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tó ń bí mi nínú.

Ọkọ̀ kan kọjá, ó ta omi sí wa lára. Mo rò pé Ràímì ti pa ọ̀rọ̀ náà tì, bó ṣe máa ń ṣe.

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́, ilé ló kù," ni ó wá wí. "Ó sì ti pẹ́ tí ilé ti ń wù ọ́, Àjárátù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú mi á fọ́, inú rẹ á sì dùn."

Mo dúró. Mo fẹ́ búra fún un pé irọ́ ni, pé èmi kọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n láti orí àtẹ̀gùn kíláàbù ni mo ti ń ro ẹni tí mo máa fi ìsọ̀ mi ní Rally Time lé lọ́wọ́, mo ti ń ro aṣọ tí mo máa rà lọ fún àwọn ọmọ Táwà. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rò wọ́n. Mi ò búra.

Mo padà sẹ́yìn, mo di apá rẹ̀ mú lójú gbogbo èèyàn.

"Gọ́tà wà níwájú yín," ni mo wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀."

Ó gbé e, ó gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ.